Àtẹ̀gùn Kan Náà Nílé Mọ́kànlá

Ọjọ́ tí Ìyá Onílé fi iwájú orí kan dẹ́kìn kọnkéré ilé tuntun rẹ̀, ìró náà rìn débi pé àwọn àkùkọ àdúgbò kejì rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, wọ́n bá tún kọ. Ọ̀sán gangan sì ni o. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ga. Bó bá dúró ti garawa omi, garawa lèèyàn á kọ́kọ́ kí. Síbẹ̀, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, tó gbé ẹsẹ̀ lé ìkẹfà báyìí, gbàù! Kókó tó yọ níwájú orí rẹ̀, bí wọ́n bá ní kó dé fìlà, fìlà méjì ni wọn ìbá rà.

Ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè? Birikilà tó kọ́ ilé ni. Okùn Títọ́ ni gbogbo oníṣẹ́ ń pè é, nítorí pé láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń to búlọ́ọ̀kù, ògiri rẹ̀ kan kò tíì wọ́ rí. Wọ́n ní bí èèrà bá ń rìn lórí ògiri Okùn Títọ́, kò lè yà sọ́tùn-ún yà sósì, àfi kó máa lọ tààrà títí tó fi máa dé òrùlé.

"Okùn Títọ́, kí ni mo ṣe fún ọ?" Ìyá Onílé di orí mú. "Àtẹ̀gùn lo kọ́ fún mi àbí pàkúté?"

"Màmá, mo sọ fún yín. Ká tó da kọnkéré dẹ́kìn yẹn, mo ní ihò tí wọ́n yà sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn kúrú, pé orí èèyàn á kàn án. Kí lẹ fi dá mi lóhùn? Ẹ ní kọ̀ǹpútà ló yà á."

"Kọ̀ǹpútà ló yà á lóòótọ́! Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Ìwọ lo kọ́ ọ bí o ṣe fẹ́."

Ọ̀dọ́kùnrin tó ya pláànù náà wà níbẹ̀. Onítáì ni wọ́n ń pè é ní sáìtì, nítorí bí oòrùn mú bí kò mú, táì kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn díẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí àkàbà, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jiyàn? Mo ní sàtífíkéètì o."

Inú bí Okùn Títọ́ débi pé, bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé e lórí lásìkò yẹn, omi ìbá hó. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá Onílé ti dájọ́: kí oṣù tó parí, òun Okùn Títọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wó àtẹ̀gùn náà, òun ni yóò tún un kọ́, láìgba nǹkan kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí sáìtì tí òun Ìyá Onílé kò ní dé láti bà á lórúkọ jẹ́.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ dúró de òpin oṣù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn méjì tó ti fún un níṣẹ́ ní àwọn ṣì ń rò ó. Ìyàwó rẹ̀ lọ pọnmi, ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ọkọ rẹ̀ ni birikilà tó ń kọ́lé fún ewúrẹ́." Ọgbọ̀n ọdún! Orúkọ tó fi ọgbọ̀n ọdún tò bíi búlọ́ọ̀kù, kókó iwájú orí kan ṣoṣo ló fẹ́ wó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì tí àwọn birikilà máa ń kóra jọ sí, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Àgbà birikilà kan fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ kẹfà?"

"Ẹsẹ̀ kẹfà ni."

"Mẹ́rìnlá ni gbogbo ẹ̀? Ó yà sọ́wọ́ òsì lókè?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Sọ fún mi kẹ̀! Mo kọ́ irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin tó ni ín, ó ti kó lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn eku ló ń gbé òkè."

Ni oníkálùkù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀. Ilé mọ́kànlá! Ayàwòrán mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yà wọ́n, àtẹ̀gùn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, bí ìgbà tí ìyá mẹ́jọ bímọ tí gbogbo ọmọ ní egbò kan náà létí. Nígbà tí wọ́n wádìí, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti gba sàtífíkéètì.

"Mo máa lọ kọ́ ọ," Okùn Títọ́ wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kọ́, Bàbá Àkọ́bí? Pẹ̀lú irun funfun yìí?"

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó bí àtẹ̀gùn yẹn."

Yàrá náà wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún, fáànù kan tó jẹ́ pé ariwo nìkan ló ń fẹ́. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ olùkọ́ ni Má-Fọwọ́kàn-án. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí: bọ́tìnnì yìí ń fa ìlà, bọ́tìnnì yẹn ń pa á rẹ́. Bí èèyàn bá na ọwọ́ sí máòsì, olùkọ́ á ké, "Má fọwọ́ kàn án!" bí ẹni pé iná ni. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ odò, wọ́n ń ya odò fún un sára ògiri!

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó ṣí ilé ìfikọ́ra lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán ilé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ń dà kọ. Okùn Títọ́ wò ó. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Àtẹ̀gùn rèé ní kọ̀rọ̀! Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá, ó yà sọ́wọ́ òsì, ihò dẹ́kìn kò sì bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn ẹsẹ̀ keje. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya àtẹ̀gùn rárá. Wọ́n kàn ń ṣí i nípò, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé olówó olówó ni.

"Ọ̀gá," ó nawọ́ sókè, "báwo la ṣe ń la ilé yìí sí méjì bí ẹni la ìbẹ́pẹ, ká lè rí inú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́?"

"Ìpele kejì nìyẹn, Bàbá."

"Ìgbà wo ni ìpele kejì?"

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

"Àmì ìbéèrè kékeré tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn ńkọ́? Kí ni tiẹ̀?"

Ojú Má-Fọwọ́kàn-án yí padà. "Fáírọ́ọ̀sì ni! Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á jóná, á sì ra òmíràn!"

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàámi, fáírọ́ọ̀sì wo? Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán náà kó ẹ̀kọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni."

Ẹ̀rín pa á, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ọ̀fẹ́? Inú ẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí? Tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń fi fáírọ́ọ̀sì lé wa bí ẹni lé adìẹ?"

Láti ọjọ́ náà, lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ó ń lọ sí ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀, ó ń lo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀gá. Ọmọ á ka gẹ̀ẹ́sì, á túmọ̀ rẹ̀. Bàbá á gbá máòsì mú bí ẹni di búlọ́ọ̀kù mú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìlà tó fà jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọ́fíìsì kejì. Wọ́n rí fídíò, wọ́n rí ilé ìfikọ́ra mìíràn, wọ́n rí ibi tí àwọn ayàwòrán ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn mìíràn sì ń dá wọn lóhùn láìbú wọn. Ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ni bí a ṣe ń la ilé. Bí ilé náà ṣe là báyìí, tí inú rẹ̀ hàn gbangba, igbe tí Okùn Títọ́ ké lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dìde lórí àga.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín sàtífíkéètì, ó bẹ Ìyá Onílé pé kó wá. Ó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó lè bú u níwájú èrò ló ṣe wá. Onítáì náà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwòkọ́ṣe rere. Má-Fọwọ́kàn-án ṣì ń yin ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Okùn Títọ́ lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, má fọwọ́..."

"Mo ti fọwọ́ kàn án!"

Ó ṣí ilé ìfikọ́ra. Ó là á. Ó mú ère èèyàn tó wà nínú sọ́fítíwíà, ó gbé e lé ẹsẹ̀ kẹfà. Orí èèyàn náà wọnú kọnkéré, láti ọrùn wá sísàlẹ̀ nìkan ló kù níta.

"Ta ló kọ́ yín nìyẹn?" olùkọ́ béèrè.

"Àmì ìbéèrè ni."

Má-Fọwọ́kàn-án fọwọ́ nu òógùn. "Èèyàn tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ yẹn ló ga jù."

Háà! Ìyá Onílé dìde. Bó ṣe dìde náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó jókòó. Ó ṣí gèlè kúrò lórí kókó rẹ̀.

"Èmi náà ga jù? Wò mí dáadáa! Bí mo ṣe rí yìí, èmi náà ga jù?"

Ó yíjú sí Onítáì, tó ti ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn. "Dúró níbẹ̀! Bàbá yìí sọ fún wa, èmi àtìwọ la fi í ṣẹ̀sín." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí birikilà. "Okùn Títọ́, èmi kì í bẹ èèyàn, o mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo sáìtì tí mo dé láti bà ọ́ jẹ́, mo máa padà dé wọn. Lọ́jọ́ Ajé, mú òòlù wá, màá san owó iṣẹ́ rẹ. Ọmọ yìí ló máa ru àfọ́kù kọnkéré. Táì yẹn ni yóò fi ṣe òṣùká."

Lẹ́yìn Ìyá Onílé, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sí máòsì, ó tẹ àmì ìbéèrè. Òmíràn tẹ tirẹ̀. Má-Fọwọ́kàn-án ń ké "Fáírọ́ọ̀sì! Fáírọ́ọ̀sì!" Wọn kò gbọ́.

Èèyàn á rò pé inú Okùn Títọ́ á rọ̀. Kò rọ̀ o. Ilé mẹ́wàá ṣì kù tí wọ́n ń kan orí láàárọ̀, tí wọ́n ń kàn án lálẹ́, tí wọ́n sì ń bú birikilà. Ó ra ọ̀dà pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ wọ́n lọ nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní etí dẹ́kìn lókè ẹsẹ̀ kẹfà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: BẸ̀RẸ̀ MỌ́LẸ̀! Lábẹ́ rẹ̀, ó ya àmì ìbéèrè kan tó tóbi bí agboòrùn.

Bí onílé bá ní, "Bàbá, kí ni tèyí?" á nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Ẹ lọ bi ẹni tó ya pláànù yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó wá bá mi, màá kọ́ ọ."