Ẹ̀rọ Etí Káfíńtà

Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ló di àgbà káfíńtà kan létí, òun fúnra rẹ̀ kò sì kà á sí bàbàrà. Oníbàárà tó bá fẹ́ tábìlì á ya bó ṣe fẹ́ ẹ sára pákó, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń pè ní Arẹwà, ni ìyà ọ̀rọ̀ náà ń jẹ. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń pariwo. Nígbà tó wá ní òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun kí ọ̀fun òun lè sinmi, kíá ni ọmọbìnrin wọn ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún bàbá rẹ̀.

Inú káfíńtà dùn dẹ́yìn. Ó gbọ́ omi tó ń hó lórí iná, ó gbọ́ ẹyẹ, ó tiẹ̀ gbọ́ bí bàtà ara rẹ̀ ṣe ń dún! Ọmọ náà tún so ẹ̀rọ yìí mọ́ fóònù bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ tẹ ibí yìí, kẹ́ ẹ wá gbé fóònù sítòsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ wà níta, ketekete lẹ ó máa gbọ́ ọ."

Àmọ́ kàkà kí Arẹwà túra ká, ńṣe ló dákẹ́ rọ́rọ́. Kò bú ọkọ rẹ̀ mọ́, kò ráhùn mọ́. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ dé, Arẹwà ti kó aṣọ ara rẹ̀ sínú àpò, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Àyà káfíńtà já. Ó gbé fóònù kalẹ̀ nílé ìdáná tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀, ó tẹ ibi tí ọmọ fi hàn án, ó sì lọ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fá ẹsẹ̀ àga tó ti dán tipẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe yìí kò dáa. Síbẹ̀ ó ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ń gbọ́ràn báyìí," ni àbúrò ìyàwó wí. "Kí ló tún ń lé yín kúrò nílé?"

"Gbígbọ́ yẹn gan-an ni!" Arẹwà dáhùn. "Tẹ́lẹ̀, kò sóhun tí mi ò lè sọ lójú ọkùnrin yìí. Mo lè pè é lólórí kunkun, á kàn máa rẹ́rìn-ín sí mi. Mo lè sunkún ìyá wa, kò ní ní kí n dákẹ́. Ní báyìí, bí mo bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ó ti fún mi nímọ̀ràn. Ta ni n ó wá máa tú ọkàn mi fún?"

Ẹ̀rín ń pa káfíńtà, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dọ́kàn. Ó wọlé, ó pa fóònù, ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó sì gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Láti òní lọ, tá a bá ti jẹun ọ̀sán tán, mò ń yọ ọ́ nìyẹn. Sọ ohun tó bá wù ọ́. Bú mi dáadáa."

Arẹwà wo fóònù, ó wo ọkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ló bá nàka sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gbóná, torí àbúrò ìyàwó ti fọwọ́ bo ẹnu. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ojú Arẹwà rọ̀, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Ọwọ́ káfíńtà ti ń lọ síbi ẹ̀rọ kó tó rántí àdéhùn, ó fà á padà.

Arẹwà ló mú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ó fi í sí ọkọ rẹ̀ létí, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Mo ní kẹ́ ẹ gbé àpò mi padà sí yàrá."