Wosilat Kò Kú Sínú Iyanrìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Olúṣẹ̀san Ọlájíre pa Wosilat, kò tilẹ̀ tíì mu tíì rẹ̀ tán. Ó wà nínú yàrá tútù tí Àánúolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún un ní Dubai Silicon Oasis. Ó di fóònù mú sẹ́nu, ó fi ìjì aṣálẹ̀ bo obìnrin náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ràkúnmí rẹ̀, ó sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp fún àwọn tó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà wá, ó tún lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Ìwé rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta. Gbogbo wọn rí pélébé, gbogbo wọn ló sì kún fún ìbọn, ihò àpáta, ejò àti ọkọ̀ ojú omi tó ń rì. Ẹnì kan náà ló ń rìn nínú gbogbo wọn: Arógunyọ̀, ọkùnrin kan tó jáde nílé láti lọ wá àbúrò rẹ̀, tí kò sì tíì padà délé títí di òní. Ìbàdàn ni Olúṣẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta ìwé bẹ́ẹ̀ fún èrò ọkọ̀. Nígbà tí àwọn òǹtẹ̀wé kógbá wọlé, ó tẹ̀lé àwọn oníṣòwò wá sí Dubai, ó gba bedspace, ibùsùn kan péré nínú yàrá èrò púpọ̀, ní Al Muteena, ó sì rí iṣẹ́ ní Industrial Area ní Sharjah, níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò àlòkù. Inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀ ló ti ń sọ ìtàn sínú fóònù. Ẹnì kan ní Mushin á wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Òun àti àwọn oníṣòwò tó ń di ẹrù ní ọ́fíìsì Kazeem, oníkáàgò ní Al Muteena, ní àdéhùn kan. Ẹni tó bá sọ ìrìn àjò rẹ̀ fún un, Olúṣẹ̀san á fi orúkọ onítọ̀hún sínú ìtàn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní kó fi orúkọ ọkọ àwọn kún un. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó wà láàyè kò gbọdọ̀ kú. Ó lè jìn sí kòtò, àwọn olè lè dè é mọ́ òpó, kìnnìún lè lé e gun igi, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jáde láàyè. Ẹni tí ikú bá máa pa nínú ìtàn, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí ni Olúṣẹ̀san ń fún un.

Láti ìgbà tí Àánúolúwa ti ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun ni ìtàn náà ti ń wọ́lẹ̀. Tábìlì wà, àga tó ń yí wà, ariwo kankan kò sí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kàn fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ni. Wosilat ló wà nítòsí nínú ìtàn náà, ó sì pa á. Kò rántí pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Kazeem pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti pa Wosilat.”

“Wosilat wo?”

“Ẹ má bi mí ní Wosilat wo. Òun rèé níwájú mi, ó jókòó lórí páálí. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni flight rẹ̀, ó ní òun ò lọ.”

Olúṣẹ̀san fò dìde. Ó wá bàtà rẹ̀ kan tì, ó fi sálúbàtà jáde.

Gbogbo ọ̀nà títí dé Al Muteena ló fi ń ronú àwáwí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Wosilat, kò rántí ọ̀kankan. Obìnrin náà ti wọ aṣọ ìrìn àjò, ó so ìborùn, ó gbé àpò lé itan. Bàtà ọmọdé ló máa ń wá rà ní ọjà Deira, ó sì ti tó ọdún díẹ̀ tó ti sọ fún Olúṣẹ̀san bí iyanrìn ṣe dá mọ́tò wọn dúró lọ́nà Al Ain.

“Ẹ káàsán, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sin mí,” ni Wosilat wí.

“Àbúrò mi, ìtàn ni.”

“Ìtàn ni. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ lè fi Olúṣẹ̀san síbẹ̀ kẹ́ ẹ bo iyanrìn lé e lórí?”

Ọkùnrin kan tó ń wọn ẹrù lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín sínú.

“Ìyá mi ń gbọ́ yín,” ni Wosilat ń bá a lọ. “Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ohùn yín ló fi ń jẹun àárọ̀. Ó pè mí. Ó ní, ‘Wosilat, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo gbé fóònù yìí?’ Mo ní èmi ni. Ó tún bi mí. Ìyá arúgbó, ó ń sunkún. Ó ní kí n má wọ ọkọ̀ òfuurufú títí tí bàbá yẹn á fi yọ mí kúrò níbi tó fi mí sí. Èmi náà ò sì wọ̀ ọ́. Khalas, ó parí.”

“Màá sọ fún wọn pé Wosilat mìíràn ni.”

“Irọ́ nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé èmi ni. Ẹ yọ mí.”

Ohun tó ń dun Olúṣẹ̀san nìyí: kò padà sẹ́yìn rí. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, ohun tó bá ti sọ ti lọ nìyẹn, iwájú ni Arógunyọ̀ ń lọ. Ó fi ń yangàn láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Kazeem mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. “Yalla, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo gbọ́dọ̀ gbé páálí wọ̀nyí lọ sí Sharjah kí wọ́n tó ti kọ̀ǹténà. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé. Ibẹ̀ la ti máa gba pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ, bí òkú bá ti jí.”

Àwọn mẹ́ta fún ara wọn mọ́ iwájú píkọ̀ọ̀pù náà, Wosilat ló wà láàárín. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà lójú ọ̀nà Sharjah, oòrùn ń jó dáṣíbọ́ọ̀dù. Àmọ́ bí mọ́tò náà ṣe ń mì ni ara Olúṣẹ̀san ń balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé fóònù sẹ́nu.

“Nígbà tí ìjì náà dákẹ́, Arógunyọ̀ rí ẹsẹ̀ kan tó yọ láti inú iyanrìn...”

“Ẹsẹ̀ mi,” ni Wosilat wí. “Ẹsẹ̀ mi ló yọ síta, bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ìkòkò. Rárá o.”

Ó pa á rẹ́. “Arógunyọ̀ ta jí, àṣé àlá ni.”

Kazeem yọ ṣùtì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àlá kọ́.”

“Kí lo máa ṣe ná?” Olúṣẹ̀san bi Wosilat, inú ti ń bí i díẹ̀. “Ìjì ń bọ̀, o dá wà láàárín aṣálẹ̀. Kí lo máa ṣe?”

“Ṣé kì í ṣe ẹrù ni mo gbé sórí ràkúnmí?”

“Ẹrù aṣọ ni.”

“Ẹ ò rí i? Màá ní kí àwọn ràkúnmí kúnlẹ̀, màá to ẹrù yí ara mi ká bá a ṣe ń tò ó sínú kọ̀ǹténà, kò ní sí àlàfo. Màá wọ abẹ́ rẹ̀, màá fi ìborùn bo imú. Iyanrìn ò rí mi mú. Èmi tí mo ti ń dẹrù láti ìgbà tí mo ti wà lómidan, èmi ló máa kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù?”

Olúṣẹ̀san wò ó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró mọ́. Ó sọ bí ìjì ṣe ń hu lókè tí Wosilat sì ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín aṣọ, bí Arógunyọ̀ ṣe ń fi ọwọ́ lásán wa iyanrìn tó ń pe orúkọ rẹ̀, àti bí ohùn kan ṣe dá a lóhùn lábẹ́ ilẹ̀ pé kó rọra, kó má ya aṣọ oníbàárà òun. Kazeem ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò ẹ̀yìn fi fun fèrè mọ́ ọn.

Wọ́n já páálí sílẹ̀ ní Industrial Area. Nígbà tí wọ́n padà wọ mọ́tò, Olúṣẹ̀san fẹ́ tẹ fóònù kí ìtàn náà máa lọ. Wosilat di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Kò tíì tán. Mo jáde nínú iyanrìn, mo wá dúró síbo?”

“Nínú aṣálẹ̀. Àwọn olè ti ń bọ̀ lókè.”

“Mi ò fẹ́ olè. Ìyá mi ń dúró. Ẹ jẹ́ kí n délé.”

Olúṣẹ̀san rọra gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan. Nínú gbogbo ìwé tó ti kọ, kò sí ẹni tó délé rí. Wọ́n máa ń sá lọ, wọ́n máa ń ṣíkọ̀, wọ́n máa ń fò láti orí òrùlé bọ́ sórí ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ ní ilé ní Mọ́níyà, Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí obìnrin náà ti dẹ́kun bíbéèrè ìgbà tó ń bọ̀.

“Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é,” ló wí níkẹyìn.

“Kí ni?”

“Ká délé. Tó o bá délé, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe?”

Ojú Wosilat rọ̀. “Màá jókòó sórí àpótí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, màá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ mi á ti wú. Wọn á máa bi mí ní ohun tí mo rà, mi ò ní dáhùn. Màá mu omi. Omi ilé wa máa ń rùn bí ike, ṣùgbọ́n òun ni màá mu. Ìyá mi á máa fọwọ́ tẹ apá mi láti èjìká wá sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó dùn mí. Kò ní sọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ dé ìka kó tó kí mi káàbọ̀.”

Olúṣẹ̀san sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sínú fóònù. Níbi ìka, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì pa èkejì rẹ́. Ó fi ránṣẹ́.

Wọn kò tíì kúrò ní Sharjah tí fóònù Wosilat fi dún. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, ó rinlẹ̀: “Mo ti gbọ́ ọ. Máa bọ̀. Kí o sọ fún bàbá yẹn pé mi ò tíì dárí jì í.”

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, Wosilat gbé àpò rẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà.

“Arógunyọ̀ ló sìn mí délé, àbí?”

“Òun ni.”

“Kò wá wọlé jẹun?”

“Ó dúró lẹ́nu géètì.”

“Kí ló ń dúró dè? Ẹ ní kó wọlé, ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi ò ní lé e.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ àárín èrò lọ.

Àánúolúwa pè bí Olúṣẹ̀san ti ń padà wọ mọ́tò. “Bàbá, ẹ ò sí nílé. Ṣé kí n gbé oúnjẹ yín sínú fíríìjì?”

“Jẹ ẹ́, ọmọ mi. O ṣeun. Màá wá kó ẹrù mi.”

“Ṣé yàrá náà ò dáa ni?”

“Ó dáa. Ó dáa jù.”

Kazeem tan mọ́tò. “Al Muteena ni, àbí Silicon Oasis?”

“Máa wà á lọ ná.”

Olúṣẹ̀san gbé fóònù sẹ́nu. “Arógunyọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti kan géètì náà,” ló wí. Ó pa á rẹ́. Wọ́n gba abẹ́ afárá kan kọjá, wọ́n já sí títì ńlá. “Arógunyọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti kan géètì náà,” ló tún wí, ó sì tún pa á rẹ́. Ó wo orúkọ Fúnmiláyọ̀ nínú fóònù, ó fi àtàǹpàkò bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n yà níbí?”

“Má tíì yà,” ni Olúṣẹ̀san wí. “Ọwọ́ Arógunyọ̀ ṣì wà lókè.”