Eyín Mẹ́jọ fún Ọkọ̀ Ojú Irin

Dókítà Pei kò gbé ojú sókè. Ó tún rọ́bà tó fi bo èrìgì Yulan tẹ̀ kí ásíìdì má bàa jó o, ó bu lẹ́bú olómi tó ní ásíìdì nínú díẹ̀ lé eyín karùn-ún, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha á. Kó ha á díẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó wò ó, kó tún bẹ̀rẹ̀. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú náà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má ṣàánú rẹ̀, Dókítà," ni ìyá Yulan wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwòsàn abúlé. "Ẹ ha á dáadáa. Ìkòkò tó dúdú jùyẹn lọ, mò ń ha á nílé."

"Eyín kì í ṣe ìkòkò, Ìyá Yulan."

"Mo mọ̀. Ìkòkò kì í sunkún."

Èjìká Yulan mì. "Má rẹ́rìn-ín," ni Dókítà Pei wí.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló gbé ọmọbìnrin náà wá. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò yan àwọn tí yóò máa tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà yóò rẹ́rìn-ín, eyín òkè mẹ́jọ yóò sì hàn. Yulan ti yege níbi tí wọ́n ti wọn gíga rẹ̀, ó ti yege níbi ìdánwò ohùn. Oṣù mẹ́ta ló fi ń há igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun sẹ́nu níwájú dígí láti kọ́ ẹ̀rín náà, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń ro ó.

Eyín mẹ́fà mọ́. Nígbà tí dókítà dé orí méjì tó kù, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ara wọn ti lu jálẹ̀, ó rí gbágungbàgun bí igi tí kòkòrò jẹ. Bó bá tún ha á, yóò kan ibi tó ń dunni.

"Méjì yìí kò ní mọ́," ló wí. "Àfi kí a fi ohun funfun bò wọ́n, ìlú ńlá sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Mo pe ilé ìwòsàn ibẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí àyè tó yọ."

Ó yọ rọ́bà kúrò, ó sì gbé dígí fún un. Yulan fi ìka ka eyín rẹ̀.

"Rẹ́rìn-ín kékeré lọ́la," ni dókítà wí.

"Àǹtí Dókítà, wọ́n máa ń kà á ni."

Ìyá rẹ̀ wọlé wá. "Kí ló tún kù tí n kò ṣe? Wọ́n ní odò wa ló ń ba eyín jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bí i títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀yìn òkè ni mo ti ń pọnmi fún un. Wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀."

"Níbo lẹ ń sá àgbàdo àti ata yín sí kó lè gbẹ?"

"Lókè ààrò. Níbo tún ni?"

"Ààrò tí ìjọba pín, tó ní páìpù tó ń gbé èéfín síta, ńkọ́?"

"Mo yọ páìpù náà. Gbogbo ooru ló ń gbé jáde, àgbàdo mi sì ń bu. Òjò kì í dá níbí, Dókítà. Ṣé orí yín ni kí n sá a sí?"

"Èéfín èédú ilẹ̀ tí ẹ fi ń dáná ló ń ba eyín jẹ́, Ìyá Yulan. Ó ń wọ inú àgbàdo, ó ń wọ inú ata, ẹ sì ń jẹ ẹ́."

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe odò yín."

Bí dókítà ti sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé kò wúlò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè fi eyín kan kún mẹ́fà kó tó di òwúrọ̀.

"Ẹ ha á lẹ́ẹ̀kan péré," ni ìyá náà wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Yóò fara dà á. Yulan, àbí o kò ní fara dà á?"

"Màá fara dà á."

"Rárá," ni Dókítà Pei wí.

Ó fi ìpara pa eyín mẹ́jọ náà, ó ní kí Yulan má mu tíì, kó má sì jẹ ata títí ọ̀la. Ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó nù wọ́n gbẹ, ó kó wọn sínú àpò. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀, Dókítà Pei sì gbé àpò rẹ̀, ó jáde lọ.