Kọ́ńpáàsì Inú Buick

"Ẹ yọ ọ́ jàre, Daddy Yasir. It's a small thing." Bẹ́ẹ̀ ni Fàthíà ìyàwó mi wí láàárọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Ṣùgbọ́n ó kàn rẹ́rìn-ín… irú ẹ̀rín yẹn.

Súkúrù méjì péré ló de kọ́ńpáàsì náà mọ́ iwájú ọkọ̀. Mo jókòó sínú Buick mi ní gáréèjì ní Tempelhof, súkúrùdíráfà wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀la ni àwa tó ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ń pàdé ní Hamburg. Anna, olórí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ti rí fọ́tò: "Der Kompass ist nicht original." Ó ní kọ́ńpáàsì náà kì í ṣe ti ọkọ̀ látilẹ̀. Òótọ́ ni. Àga iwájú gbọọrọ yìí, rédíò onítẹ̀ yìí, táyà onílà funfun, aago tó ti dákẹ́ tipẹ́ — gbogbo wọn ló bá ọkọ̀ wáyé. Kọ́ńpáàsì nìkan ni àlejò. Tí mi ò bá yọ ọ́, kò sí àmì-ẹ̀yẹ. Àmì-ẹ̀yẹ yẹn sì wù mí, kí n má purọ́.

Fàthíà ló rà á lọ́jà àlòkù ní Gesundbrunnen, ó ní yóò máa fi gábàsì hàn wá tí a bá fẹ́ kírun lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa! Ẹnjiníà ni mí; ọjọ́ tó gbé e dé ni mo ti sọ fún un pé irin ọkọ̀ ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kiri. Síbẹ̀, bí a bá ń lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Hamburg, tí Aláàsárì bá ti tó: "Ẹ bá mi wo gábàsì o." Màá yà síbi ìsinmi, màá wò ó, màá bọ́ sílẹ̀, màá tẹ́ ẹní. Òun á wá rọra yí ẹní náà díẹ̀. Mo rò pé ó ń sá fún koríko tútù ni.

Ní gbogbo ìgbà? Kí ló dé tó fi…

Fóònù! Fóònù rẹ̀ ń pe ìrun, ó sì ń tọ́ka gábàsì gérégé. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí!

Mo bi ara mi: kí kọ́ńpáàsì tó dé ńkọ́, Mùsbáù? Òun nìkan ló máa ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Èmi á jókòó sídìí sítíárìn, màá máa fi àkísà nu irin dídán, màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, màá ní ó di ilé… Kò bá mi jà. Kò wàásù. Ó kàn lọ ra…

Háà, Fàthíà. Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ obìnrin! Mo ń dá rẹ́rìn-ín níbí, ojú mi sì ń ṣomi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Anna kò ní yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ọ̀la ṣì ni Hamburg. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó ní kí n bá òun wo gábàsì — èmi ló ń pè.