Ayùn Tọ́, Ọwọ́ Wọ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jẹ́ kí ìka wa pé mẹ́wàá títí di òní, nítorí ìtàn ayùn ni mo fẹ́ sọ.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Bàbá Ìbejì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń fi ayùn oníná orí tábìlì gé pákó nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Irin gígùn tí pákó ń fara tì kó lè lọ tààrà ti wọ́ láti ọjọ́ tó ti rà á. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó bá kàn, bí kò bá há, yóò yanu sílẹ̀ bí ẹni tó sùn níbi ìwàásù. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, wá sọ pé bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òun kò bá padé títí Sátidé, yàrá ẹ̀yìnkùlé ti di ti òun nìyẹn. Bàbá Ìbejì gbà.

Ó ra irin tuntun tó nípọn, ó pààrọ̀ eyín ayùn, ó ń wọ̀n, ó ń dè é, títí àlàfo tó wà láàárín irin àti ayùn níwájú àti lẹ́yìn kò fi yàtọ̀ tó irun orí kan. Ó gbàdúrà lé e lórí bí ẹni ń ya ilé sí mímọ́.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wọ́. Èkejì náà wọ́. Ó ní igi burúkú ni wọ́n tà fún òun. Ìyá Ìbejì kò bá a jiyàn. Ó ti mú tépù wá, ó ń wọn ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ yóò jókòó sí. Nígbà tí bàbá gé ẹ̀kẹta, ìyá dúró wò ó.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi pákó yẹn sílẹ̀. Bó bá ti dé ìdajì, ẹ ó fà á kúrò lára irin. Irin àtijọ́ lẹ ṣì ń bá jà, ó sì ti kúrò nílé."

Bàbá ní irọ́ ni. Ó tún gé òmíràn, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ náà sì fa pákó kúrò lára irin lójú ara rẹ̀ kòrókòró. Ohun tó ti mọ́ni lára fún ọdún mọ́kànlá kì í gbọ́ ìkìlọ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá wọ awò ojú, ó gba igi tí wọ́n fi ń ti pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń darí aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ láti ìgbà ọmọge mọ̀ pé kí èèyàn rọra tẹ̀ lé atọ́nà ni. Pákó náà lọ gbọọrọ. Ní Sátidé, ilẹ̀kùn padé láìhá.

"Àdéhùn ni àdéhùn," ni Bàbá Ìbejì wí, ó ń yọ̀. "Ó padé. Èmi ni mo ni yàrá."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, olówó orí mi. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló kù. Ta ni yóò gé wọn?"

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá náà, ó sì gbá eruku pákó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, kí Olúwa mú ọ̀nà yín tọ́, kó sì fún yín ní ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún yín tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àmín.