Ìwé Àbẹ̀wò Ọjọ́bọ̀

"Ẹ dákun, sà, ìfọwọ́sí yín nìkan ló kù," ni Dókítà Dùnmínínú wí. Ó rọra gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì.

Dókítà Bámgbóyè kò wo fọ́ọ̀mù. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku ọdún mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìwé náà ń wí. Dùnmínínú ti lo ọdún méjì nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ìdílé nílé ìwòsàn wọn ní Adó: dókítà tí kì í ṣe ti ojú nìkan tàbí ti egungun nìkan, tí ó ń tọ́jú ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kí ó lọ bá Olúmidé ọkọ rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó. Ọdún kejì rèé tí ọkọ ti lọ. Ní gbogbo Sátidé ni ìyàwó ń tò sí ọ́fíìsì tẹlifóònù, nítorí ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ọjọ́bọ̀ lòní," ni Dókítà Bámgbóyè wí. "Ọjọ́ àbẹ̀wò ni. Jẹ́ ká ti Ìgèdè dé ná."

"Bí ẹ ṣe wí lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn, sà."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, epo ni kò sí nínú mọ́tò."

"Ẹ̀yin ọ̀gá yìí," ni Dùnmínínú wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ mú àpò rẹ̀.

Nígbà tó jáde tán, bàbá náà dorí kodò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ṣáájú èyí. Olúwarótìmí wà ní Saudi, Fúnkẹ́mi wà ní Amẹ́ríkà, Adéolúwa sì wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́ sórí mọ́tò rẹ̀ nínú fọ́tò. Bí Kérésìmesì bá dé, káàdì á dé. Àwọn àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà ti kọ̀wé pé bí ọdún tuntun bá bá wọn láìní akẹ́kọ̀ọ́, àwọn á gba àṣẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wọn. Dùnmínínú nìkan ló kù. Ẹyin kan ṣoṣo tó kù nínú ìtẹ́, ojú adìẹ kì í kúrò lára rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni Dókítà Bámgbóyè ti ń gbààwẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ìlà kan péré ni àdúrà rẹ̀: Olúwa, ti ilẹ̀kùn yẹn.

Kò sì fi ọ̀ràn náà sílẹ̀ fún àdúrà nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ilé tí wọ́n ń lọ. Màmá Olúyẹmí, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà lọ sókè òkun, ọdún kọkànlá rèé tí lẹ́tà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru màmá yìí kọ̀ kò gbọ́ oògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dùnmínínú ti fi kún oògùn náà láàárín oṣù mẹ́rin. Ìdí àbẹ̀wò wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn bàbá náà yàtọ̀. Bí ọmọbìnrin yìí bá rí ìjókòó ẹni tí a fi sílẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo.

Wọ́n gba Ìyìn kọjá nínú Pijó àtijọ́ tí ilé ìwòsàn fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé àbẹ̀wò wà lórí ẹsẹ̀ Dùnmínínú: ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú tí Dókítà Bámgbóyè fi rúlà fa ìlà sí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọjọ́, aláìsàn, ohun tí a rí, ohun tí ilé kọ́ wa, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ìfọwọ́sí olùkọ́. Òfin bàbá náà ni pé dókítà kò gbọdọ̀ ṣí àpò kí onílé tó kí i tán, kí ó sì tó fún un lómi. "Ilé ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀," ni ó máa ń wí.

Sùtánà funfun kan ń gbẹ lórí okùn níwájú ilé. Màmá Olúyẹmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà.

"Ẹ kú ulé o, Màmá," ni Dókítà Bámgbóyè kí i ní èdè ilé. Dùnmínínú kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọmọ mi. Dìde, ìyàwó, usu tí mo wa lóko ni mo fẹ́ fún yín, n kò ní kí o fi eékún gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀." Ó bu omi fún wọn nínú ife méjì. Dùnmínínú mu tirẹ̀. Dókítà Bámgbóyè gbé tirẹ̀ kan ètè, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí ìkíni tán, Dùnmínínú wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Igba lé mẹ́wàá lórí ọgọ́fà. Ó tún un wọ̀n; bákan náà ni.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí oògùn yín."

Màmá gbé agolo mílíìkì kan jáde láti ìdí bẹ́ẹ̀dì. Oògùn kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Dùnmínínú dà á sórí ẹní, ó wò ó, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Màmá, ẹ kì í lò ó ni?"

"Mo ń lò ó. Bí ẹ ṣe wí gan-an ni mo ń ṣe. Ṣebí ẹ sọ pé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ? Bí mi ò bá jẹun, ṣé kí n kàn dédé máa gbé oògùn mì? N kì í ṣe aláìgbọràn."

"Ìgbà wo lẹ máa ń jẹun?"

"Bí oòrùn bá wọ̀. Inú ààwẹ̀ ni mo wà, oṣù karùn-ún rèé."

Dókítà Bámgbóyè wo òkìtì oògùn náà. Òun náà ló fọwọ́ sí káàdì oògùn màmá lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin tó mọ ààwẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, kò bi aláàwẹ̀ bóyá ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n Dùnmínínú ti ń ronú síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má ṣe lo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. A ti fi kún un jù, a rò pé ẹ ń lò ó. A ó dín in kù." Ó ya oríṣi kan sọ́tọ̀. "Èyí nìkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ tó wọ ààwẹ̀, ẹ mu ẹ̀kọ díẹ̀, ẹ lo ọ̀kan. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ lo ìkejì. Ààwẹ̀ yín kò bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tún wọ̀n ọ́n."

"Ìyẹn mọ́gbọ́n wá," ni màmá wí. "Ẹni tó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ níre."

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá náà lọ́kàn. Irú ọmọ yìí ni wọ́n ń mú lọ. Ó rí i pé àsìkò tó.

"Màmá, ẹ sọ fún dókítà yìí, kí lẹ ń gbààwẹ̀ lé lórí?"

Màmá tẹ orí síwájú. Ife omi ló ń wò.

"Dókítà, omi tí mo bù fún ọ kò dín. Ìwọ náà ń gbààwẹ̀. Lórí kí ni?"

Dókítà Bámgbóyè fa ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dùnmínínú yíjú sí i.

"Ó dáa, fi tìrẹ pamọ́," ni màmá wí. "Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, mo gbàdúrà kí Ọlọ́run dá Olúyẹmí padà. Mo ní kí ó má rí iṣẹ́, kí ó má rí ilé gbé, kí ìyà lé e wálé wá bá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lórí eékún, mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Èpè ni. Ìyá ló ń ṣépè fún ọmọ, tó sì ń ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí àdúrà náà padà. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni Olúyẹmí yóò pé ọmọ ogójì ọdún. Ohun tí mo ń tọrọ fún un ni pé kí ó rí ẹni tí yóò máa bi í pé, ṣé o ti jẹun."

Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó yíjú sí Dùnmínínú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà tán níbẹ̀. "Kí ni oríkì rẹ?"

"Àbẹ̀kẹ́, Màmá. Láti ìgbà tí ìyá àgbà mi ti kú, ọkọ mi nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Lórí tẹlifóònù."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fà á ní ohùn:

"Àbẹ̀kẹ́ o,
ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́,
ọmọ òkè tí í wo ẹ̀yìn odi bí ẹni wo àgbàlá.
Ẹsẹ̀ tó gun òkè kò ní gbàgbé pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Ọ̀nà tí o bá tọ̀, kó di ulé fún ọ."

Omijé ń bọ́ lójú Dùnmínínú, kò nù ún.

Wọ́n ti ń padà bọ̀, wọ́n sì ti fẹ́ dé Ìyìn, nígbà tí Dùnmínínú bi í pé, "Sà, orí kí lẹ ń gbààwẹ̀ lé?"

"Orí rẹ."

"Pé kí wọ́n má fún mi ní físà?"

Bàbá náà yí jíà mọ́tò.

"Ọkọ mi náà ń gbààwẹ̀ níbẹ̀ yẹn, pé kí n tètè dé," ni Dùnmínínú wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ti dá Ọlọ́run lágara."

Dókítà Bámgbóyè dá mọ́tò dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ra bọ̀ọ̀lì méjì lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń sun ún, ó fún Dùnmínínú ní ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èkejì ní ìdúró.

"Oòrùn kò tíì wọ̀, sà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "Jẹun."

Nígbà tí wọ́n dé Adó, Dùnmínínú kọ ìwé àbẹ̀wò. Lábẹ́ ohun tí ilé kọ́ wa, ó kọ ọ́ pé: A ní lẹ́yìn oúnjẹ; a kò béèrè bóyá wọ́n ń jẹun. Dókítà Bámgbóyè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó mú fọ́ọ̀mù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, ó fọwọ́ sí i, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì nà án sí i. Dùnmínínú fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ títí bàbá náà fi ní kí ó dìde.

Nígbà tí Dùnmínínú jáde, tí ilẹ̀kùn padé, bàbá náà mú rúlà. Ó fa ìlà sí ojú ìwé tuntun fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìgèdè. Màmá Olúyẹmí. Níbi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fi àyè ìfọwọ́sí olùkọ́ sílẹ̀ lófìfo.