Owó Ọkọ̀ Tí Mineko Ń Tọ́jú

Kí Mineko Utsumi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀, ọkọ̀ náà sì ti sú u dé góńgó. Láàárọ̀ ní Osaka, èèyàn kì í wọ ọkọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń kì í bọ inú rẹ̀. Irun orí ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àgbà ọkùnrin á máa mí ìmí ọtí àná sí ọ lọ́rùn, kò sì ní sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Bí Mineko bá dé ọ́fíìsì, ọrùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ fọ̀, bí ẹni tí ìgbín wọ́ kọjá lára rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìríra ló gbé e gun kẹ̀kẹ́. Owó ni. Ilé iṣẹ́ páálí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógún máa ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́fà mẹ́fà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ ojú irin lòun ń wọ̀, ọkọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Mineko kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ ojú irin ni, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ló ń tọ́jú. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Á gun afárá odò Yodo kọjá, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ oòrùn, á gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní òpópónà kejì, á wá fẹsẹ̀ rìn wọlé bí ẹni tó ń ti ibùdókọ̀ bọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìyá náà kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n sun ún, wọ́n ṣa eegun rẹ̀ sínú ìkòkò funfun, ìkòkò náà kò sì tíì ríbi lọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìrẹsì. Bí Mineko bá fẹ́ wọn ìrẹsì, á kọ́kọ́ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màámi,” kó tó na ọwọ́ kọjá. Tẹ́ńpìlì kékeré kan ládùúgbò rẹ̀ gbà láti fún ìyá náà láyè, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un títí ayé, bó bá ti lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Noboru, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí, tó sì jẹ́ pé òun gan-an lọ̀rọ̀ náà já lé léjìká, dáhùn lórí fóònù pé, “Ṣé eegun ń jẹun ni? Jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.” Mineko pa fóònù náà.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́fà kan péré ló kù kí owó tẹ́ńpìlì pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀. Mineko tẹ káàdì àkókò ìwọlé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀gá Kawachi nìkan ló bá nínú ọ́fíìsì. Ọkùnrin yìí kò ju ẹni ogójì ọdún lọ, ẹ̀yìnkùlé ilé iṣẹ́ ló ń gbé, òun sì ni olórí wọn. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ló ń gé lórí tábìlì tí gbogbo wọn ń lò. Ọ̀kan ta, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife Mineko. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì ń bá gígé rẹ̀ lọ. Mineko fi bébà nù ún kúrò. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Aago mẹ́sàn-án lù. Fóònù wá dún. Kawachi gbé e, ó gbọ́, ó pòṣé.

“Ẹnì kan ló bẹ́ sí iwájú ọkọ̀ ojú irin,” ó wí. “Àwọn ènìyàn wa wà lójú ọ̀nà.”

 Ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ yìí ni Mineko kọ sínú ìwé pé òun ń gbà. Ó rò ó pé kóun yọ́ jáde, kóun lọ dúró sábẹ́ ilé títí àwọn yòókù á fi dé, ṣùgbọ́n káàdì tó ti tẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ padà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, omi ń kán lára wọn. Olúkúlùkù mú ìwé pélébé lọ́wọ́, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú irin máa ń pín láti fi jẹ́rìí pé ọkọ̀ ló pẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n tò wọ́n síwájú Kawachi.

“Ẹni tó fẹ́ kú, kí ló dé tí kò lè dúró di Sátidé?” Dobashi tó ń bójú tó owó ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ń gbọn agboòrùn rẹ̀.

“Wákàtí méjì lórí ìdúró! Ẹ wo bàtà mi.”

“Gbèsè tẹ́tẹ́ ni. Àwọn onítẹ́tẹ́ ló máa ń bẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mineko wò wọ́n lẹ́nu, gbogbo wọn sì rí i lára, ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín, bàtà tí wọ́n ń ráhùn nítorí rẹ̀. Ara òun fúnra rẹ̀ tún wá rí i lára jù wọ́n lọ, torí látìgbà tí fóònù ti dún, káàdì rẹ̀ nìkan lòun náà ń rò.

Chiharu ló dé gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, òun nìkan ló sì máa ń bi Mineko bóyá ó ti jẹun.

“Àǹtí Mineko, ibí lẹ wà! Mo wá yín títí ní ibùdókọ̀. Mo ní àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ má ṣì wà lẹ́yìn, mo bá gba ìwé méjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbà, tiyín rèé.”

Ó fi ìwé náà sórí tábìlì Mineko, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kawachi gbórí sókè.

“Ìyáàfin Utsumi, kí lẹ fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe? Ṣebí àárọ̀ kùtù lẹ ti dé.”

“Ọkọ̀ ìdájí ni mo wọ̀, sà.”

“Ọkọ̀ ìdájí wo? Aago mẹ́fà kò tíì lù tí wọ́n ti ti ọ̀nà yẹn pa. Àbí ẹ̀ ń sùn síbí ni?”

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.  Chiharu wo ìwé, ó wo Mineko, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba àlejò, Kawachi rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mineko sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, ó sọ ti kẹ̀kẹ́, ti ìkòkò àti ti tẹ́ńpìlì. Bó ti sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀, bí ẹni tó bọ́ṣọ níwájú àjèjì.

“Ó mà ṣe o,” Kawachi wí. “Èmi náà ní ìyá.” Ó ti bébà kan sí i. “Ẹ dá owó ọdún mẹ́ta padà, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ síbí, ká jọ gbàgbé ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì yín ló máa kọ́kọ́ lọ. Mi ò sì fẹ́ irú ẹ̀ fún yín.”

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Ẹ̀rín náà ni kò kúrò lójú Mineko nígbà tó ń kó owó jáde ní báńkì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Búrẹ́dì ló ń jẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri, àwòrán Mineko wà láàárín rẹ̀. “Fún ìlera wa, fún ayé wa,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ, “ẹ jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ bí Ìyáàfin Utsumi.” Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wíntìwíntì, wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, owó kẹ̀kẹ́ ni yóò máa gbà. Owó kẹ̀kẹ́ náà kò tó ra táyà. Wọ́n ti gba owó rẹ̀ tán, wọ́n tún wá ń fi ojú rẹ̀ gba tàwọn yòókù.

“Ẹ ṣeun o, Ìyá Oníkẹ̀kẹ́,” ni Dobashi ń pè é báyìí. “Ẹ bá wa tún ayé ṣe.”

Chiharu kò bi í mọ́ bóyá ó ti jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, níbi ìpàdé àárọ̀, Kawachi ní kí Mineko bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ayọ̀ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ gígùn. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà fún un. “Ẹ kàn kà á bó ṣe wà,” ó wí. Ní ìpàdé yẹn, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ òdòdó, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú rírun.

“Kẹ̀kẹ́ gígùn ti sọ mí di ọ̀dọ́,” Mineko kà.  Ó rántí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ká bébà náà.

“Irọ́ ni. Orúnkún ń dùn mí. Nítorí owó ni mo ṣe gun kẹ̀kẹ́, kò sí nǹkan mìíràn ńbẹ̀. Mo fẹ́ fi ra àyè fún eegun ìyá mi. Mo jalè, wọ́n mú mi, mo sì ti dá gbogbo ẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ògiri yìí, mi ò mọwọ́mẹsẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fi orúkọ mi rẹ́ yín jẹ ni. Ìyá mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Ó tán.”

 Kawachi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Dobashi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, títí kan Chiharu tó dorí kodò. Wọ́n pa àtẹ́wọ́ náà tó bí wọ́n ṣe máa ń pa á, kò dín, kò lé. Kawachi wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Utsumi fún ọ̀rọ̀ ìyànjú rẹ̀, ó sì ní kí oníkálukú máa lọ síbi iṣẹ́.